Fóònù Tó Ń Ṣarán

Ẹjọ́ tó wọ ààfin lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, àwọn tó gbọ́ ọ ṣì ń di ìhà mú títí di ìsinsìnyí.

Ìyá Aránṣọ ló pẹjọ́. Obìnrin tí kì í fi wákàtí kan ṣòfò ni, ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ náà ó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó fi téèpù ìwọnṣọ kọ́rùn, ó di apá aṣọ Ẹ̀rọ-ò-kú mú, ó sì wọ́ ọ dé iwájú Baálẹ̀ àti ìgbìmọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ-ò-kú yìí ni gbogbo àdúgbò ń gbé fóònù fún bó bá bàjẹ́. Ìbáà já sómi, ìbáà jẹ́ pé mọ́tò ló gùn ún, Ẹ̀rọ-ò-kú á jí i dìde. Bó ṣe gba orúkọ nìyẹn.

Lórí tábìlì kékeré tó wà níwájú Baálẹ̀ ni wọ́n gbé ohun tí wọ́n ń jà lé lórí sí: fóònù àtijọ́ kan, ara rẹ̀ ti họ, rọ́bà ni wọ́n fi de ẹ̀yìn rẹ̀ kó má baà ṣí, bọ́tìnnì kéékèèké sì tò sí ìdajì ìsàlẹ̀ rẹ̀ bíi ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ìyá Aránṣọ ò gbójú kúrò lára rẹ̀. Ọdún méjìlá ló ti ń lo fóònù yẹn, ìwọ̀n gbogbo oníbàárà rẹ̀ ló sì wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e fún ẹlòmíràn lónìí, iṣẹ́ rẹ̀ ti dẹnu kọlẹ̀ nìyẹn, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ìyá Aránṣọ," Baálẹ̀ ní, "kí ni Ẹ̀rọ-ò-kú ṣe fún ọ?"

"Kí ẹ̀mí yín gùn, Bàbá. Ó ń fi fóònù mi ṣe panṣágà."

Baálẹ̀ wo fóònù. Ó wo Ẹ̀rọ-ò-kú.

"Tètè ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yẹn. Ìyàwó mi wà nínú yàrá, etí ẹ̀ sì gùn."

"Bàbá, lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ni bọ́tìnnì fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbé e fún un, ó tún un ṣe, ó dáa bí ìgbà tí mo rà á. Ṣùgbọ́n ó ní fóònù náà ti dàgbà, pé kò lè ṣiṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan gbáko mọ́. Ó ní kí n máa lò ó láti Ajé sí Ọjọ́rú. Tó bá di Ọjọ́bọ̀, kí n yọ káàdì mi kúrò nínú ẹ̀, kí n gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù òun kó lè sinmi."

"Kó lè kí ni?" Ọ̀tún ló bèèrè. Ọ̀tún nìkan nínú ìgbìmọ̀ ló ní fóònù onídígí tuntun, ó sì ti ń fi etí agbádá nu dígí náà láti ìgbà tí wọ́n ti jókòó.

"Kó lè sinmi, sà."

"O sì gbà?"

"Bàbá Ọ̀tún, bí wọ́n bá ní kí ẹ̀yin náà máa sinmi láti Ọjọ́bọ̀, ṣé ẹ máa kọ̀ ni?"

Ọ̀tún rò ó. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í nu dígí rẹ̀.

"Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ń gbé e lọ sinmi," Ìyá Aránṣọ ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ohùn rẹ̀ ti ń ga. "Mi ò mọ̀ pé kì í ṣe ìsinmi ló ń lọ. Iṣẹ́ ló ń lọ! Lọ́dọ̀ Bàbá Káfíńtà!"

Bàbá Káfíńtà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, ọkùnrin gìrìwò kan tí lẹ́búlẹ́bú pákó ò kúrò nínú irùngbọ̀n rẹ̀ láti ìgbà tó ti wà lọ́mọṣẹ́. Ó bọ́ síwájú.

"Bàbá, ẹ má dá a lóhùn. Fóònù mi ni. Láti Ọjọ́bọ̀ sí Àbámẹ́ta ni mò ń lò ó. Ajé sí Ọjọ́rú ló ní kí tèmi máa sinmi. Ọ̀dọ̀ obìnrin yìí ló ti lọ ń sinmi!"

"Ẹ̀rọ-ò-kú," Baálẹ̀ pè é, "fóònù mélòó ni?"

"Méjì ni, Bàbá."

"Ọ̀kan ni mò ń wò."

"Méjì ló wà nínú ọ̀kan tí ẹ̀ ń wò yẹn."

Baálẹ̀ fara ti àga. Ẹ̀rọ-ò-kú dọ̀bálẹ̀, àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi ń tú fóònù já bọ́ láti àpò rẹ̀, ó sì ń ṣà wọ́n bó ti ń sọ̀rọ̀.

"Ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọ́n gbé e wá. Ti Ìyá Aránṣọ, inú ẹ̀ dáa, bọ́tìnnì ẹ̀ ló kú. Ti Bàbá Káfíńtà, bọ́tìnnì ẹ̀ dáa, inú ẹ̀ ló jóná. Àwọn tó ń ṣe irú ẹ̀ ti jáwọ́, ẹ̀yà ara ẹ̀ ò sì sí lọ́jà mọ́. Mo wá mú inú ti obìnrin, mo mú bọ́tìnnì ti ọkùnrin."

"O so wọ́n pọ̀."

"Mo so wọ́n pọ̀ bíi tọkọtìyàwó, Bàbá."

"O ò sọ fún òbí kankan."

Ìgbìmọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Aránṣọ ò rẹ́rìn-ín.

"O wá ń parọ́ fún wọn pé ó ń sinmi," Baálẹ̀ ní.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, irọ́ kọ́. Ó ń sinmi. Tó bá wà lọ́dọ̀ káfíńtà, ó ń sinmi lọ́wọ́ aṣọ. Tó bá wà lọ́dọ̀ aránṣọ, ó ń sinmi lọ́wọ́ pákó. Kò sẹ́ni tí ń sinmi tó o láàfin yìí."

"Àwíjàre nìyẹn?"

"Òun ni mo ní, Bàbá."

Baálẹ̀ yíjú sí olùpẹjọ́. "Ìwọ náà, Ìyá Aránṣọ. Ọdún mẹ́ta! O ò rí ohun ẹlòmíràn nínú ẹ̀ rí?"

"Mo rí i, Bàbá. Mo rí 'wọ́dúróòbù onílẹ̀kùn mẹ́ta' níbẹ̀. Mo rí 'ìṣó àti gọ́ọ̀mù'. Mo bi í léèrè. Ó ní fóònù náà ti ń ṣarán."

"Fóònù ń ṣarán?"

"Ó ní bí ọjọ́ orí ẹ̀ ṣe rí nìyẹn, pé á máa sọ ìsọkúsọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí n má dá a lóhùn, kí n má baà mú un bínú."

"Ohun tó sọ fún èmi náà nìyẹn," Bàbá Káfíńtà ní. "Mo rí 'búláòsì alápá gígùn' nínú ẹ̀. Àánú ẹ̀ ṣe mí gan-an."

"Ó dáa," Baálẹ̀ ní. "Fóònù ti ń ṣarán láti ọdún mẹ́ta, kò sẹ́ni tó kú. Kí ló wá dé lọ́sẹ̀ yìí?"

Gbogbo ojú yí sẹ́nu ọ̀nà. Aṣọ kan ló ń wọlé bọ̀. Aṣọ náà wọlé, wọlé, kò sì tán. Nígbà tó yá ni orí èèyàn yọ láti òkè rẹ̀, orí Nọ́ọ̀sì Àgbà ilé ìwòsàn. Ọkọ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìdí aṣọ kó má baà gbá ilẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì," Baálẹ̀ ní, "ṣé ìwọ lo wà nínú aṣọ yẹn?"

"Èmi ni, Bàbá. Apá òsì ni mo wà."

"Àwa kí ọ níbẹ̀. Ṣàlàyé."

"Ọ̀gá wa ń fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Mo ní kí Ìyá Aránṣọ rán gáùn tí màá wọ̀ lọ síbi ayẹyẹ ẹ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, ilẹ̀kùn yàrá wa jẹrà, mo ní kí Bàbá Káfíńtà kan òmíràn. Ẹ wo gáùn mi. Ẹ wo ihò tó wà lápá ọ̀tún. Ẹ wo ìdè onírin mẹ́ta tí wọ́n fi ń kọ́ ilẹ̀kùn, tó wà lápá òsì. Bàbá, ṣé ẹ ti rí obìnrin tó nídè rí?"

"Ilẹ̀kùn ńkọ́?"

"Ó wà níta lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Wọ́n bá mi gbé e wá."

Ọ̀tún wúkọ́. "Ṣé ilẹ̀kùn ni yẹn? Mo kí i nígbà tí mò ń wọlé. Mo rò pé ó ń bínú ni kò ṣe dáhùn."

Wọ́n gbé e wọlé. Pákó gidi ni, wọ́n fá a, wọ́n kùn ún, ó ń dán. Ó ní èjìká, àárín rẹ̀ sún wọlé, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì fẹ̀ bọ̀ síta ní ìrísí tí gbogbo ìgbìmọ̀ mọ̀ dáadáa. Wọ́n wo ilẹ̀kùn. Wọ́n wo Nọ́ọ̀sì. Ẹnì kan nínú wọn bojú wo àjà kó má baà ṣe ohun tí kò yẹ àgbà.

"Nọ́ọ̀sì Àgbà ni mo fi pe orúkọ ẹ̀ nínú fóònù," Ìyá Aránṣọ ṣàlàyé.

"Nọ́ọ̀sì Àgbà lèmi náà fi pè é," Bàbá Káfíńtà ní. "Orúkọ náà wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kálukú wa ló ṣí èyí tí kì í ṣe tiẹ̀."

"Kí lo rí níbẹ̀, Káfíńtà?"

"Ó ní òkè, íńṣì mọ́kànlélógún. Àárín, mẹ́tàdínlógún. Ìsàlẹ̀, mẹ́rìnlélógún. Gígùn, méjìdínlọ́gọ́ta."

"Ìdajì ni mo máa ń kọ," Ìyá Aránṣọ dá sí i, "torí aṣọ tí mo bá ṣẹ́ po sí méjì ni mò ń gé."

"Káfíńtà, o ò rò ó pé ilẹ̀kùn kì í ní ìbàdí?"

"Mo rò ó, Bàbá. Mo tún wá rò ó pé nọ́ọ̀sì kàwé jù mí lọ."

"Ìwọ ńkọ́, Ìyá Aránṣọ?"

"Èmi rí gíga, ọgọ́rin. Fífẹ̀, méjìlélọ́gbọ̀n. Ihò kọ́kọ́rọ́, ọ̀tún. Ìdè mẹ́ta, òsì." Ojú tì í díẹ̀. "Mo rò pé ọ̀rọ̀ òun àti ọkọ ẹ̀ ni. Mi ò fẹ́ tọ pinpin."

Ọkọ Nọ́ọ̀sì sọ ìdí aṣọ sílẹ̀. "Bàbá, èmi ò pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ o. Ilẹ̀kùn yẹn ò ní wàhálà."

"Kò ní wàhálà?" Nọ́ọ̀sì pariwo. "Ilẹ̀kùn tó jẹ́ pé ojúlé fẹ̀ ju òun lọ lọ́tùn-ún lósì? Tí atẹ́gùn bá fẹ́, ìdí ló ń jù!"

"Ìyẹn gan-an ni mò ń sọ," ọkọ rẹ̀ ní.

"Ó máa ń kí i láàárọ̀, Bàbá!"

"Nítorí pé kì í bá mi jà."

"Gáùn yìí ńkọ́?" Baálẹ̀ tètè bèèrè, nítorí ó rí ojú Nọ́ọ̀sì.

"Ó gbé mi mì, Bàbá. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, mo sunkún."

"Irọ́ ni," ọkọ rẹ̀ ní. "Ó jó. Mo rí i. Ó yí lọ, ó yí bọ̀, ó gbọ́wọ́ sókè."

"Ọ̀nà àbájáde ni mò ń wá!"

Baálẹ̀ fi ọ̀pá lu ilẹ̀. Ẹ̀rín kásẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀tún wá gbé fóònù onídígí rẹ̀ sókè kí gbogbo ayé lè rí i.

"Bàbá, ọ̀rọ̀ yìí ò le. Kí àwọn méjèèjì lọ ra irú èyí, kí wọ́n ju jákujàku oníbọ́tìnnì yẹn dànù. Káfíńtà, gbà á. Tẹ orúkọ rẹ síbẹ̀."

Bàbá Káfíńtà nu ọwọ́ nídìí ṣòkòtò. Ó tẹ dígí náà. Kò sí nǹkan kan. Ó tún un tẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń fa ayùn, ìka rẹ̀ ti yi bíi àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà. Ó fi ìka márààrún tẹ̀ ẹ́. Fóònù náà ń wò ó.

"Kò mọ̀ pé ẹnì kan wà níbí," Bàbá Káfíńtà ní. "Ọmọ mi ra irú ẹ̀ fún mi. Imú ni mo fi ń pe èèyàn. Lọ́jọ́ kan, mo sín sí i, mo sì pe olórí ìjọ wa."

Ọ̀tún gba fóònù rẹ̀, ó sì nù ún.

"Ìwọ ńkọ́, Ìyá Aránṣọ? Ìka tìẹ ò yi."

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín. Ẹ dákun, ẹ dìde."

Baálẹ̀ dìde. Ìyá Aránṣọ fi téèpù yí ikùn rẹ̀ ká, ó fi ọwọ́ òsì dì í mú, ó fi ọ̀tún mú fóònù àtijọ́ náà. Kò wo fóònù. Ojú Baálẹ̀ ló ń wò.

"Bàbá, ẹ mí síta."

"Mo ti mí síta."

"Ẹ ò tíì mí síta, Bàbá."

Baálẹ̀ mí síta. Téèpù gùn sí i ní íńṣì mẹ́rin. Àtàǹpàkò Ìyá Aránṣọ sì ń rìn lórí bọ́tìnnì, ó ń ro kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́, láìbojúwò ó lẹ́ẹ̀kan.

"Ìdí tí mi ò fi lè lo dígí nìyẹn. Oníbàárà tí mo bá gbójú kúrò lára ẹ̀, ikùn ló máa fà mọ́ra. Aṣọ ẹ̀ á wá fún, á ní mi ò mọṣẹ́. Bọ́tìnnì yìí, ìka mi ló ń rí i. Dígí tẹ́jú, kò sí ibi tí ìka ti lè mọ̀ pé òun ti dé."

Ọ̀tún yọjú wo ohun tó kọ. "Ó pé pérépéré. Ikùn Baálẹ̀ jẹ́…"

"Má kà á sókè," Baálẹ̀ ní, ó sì jókòó.

Lẹ́yìn náà ni Baálẹ̀ béèrè lọ́wọ́ Ẹ̀rọ-ò-kú, ohùn rẹ̀ ti rọ̀: "Kí ló dé tí o ò kàn sọ òótọ́ fún wọn lọ́jọ́ náà?"

Ẹ̀rọ-ò-kú wo ilẹ̀.

"Bàbá, Ìyá Aránṣọ jókòó sórí àpótí mi lọ́jọ́ yẹn, ó ń sunkún bí ẹni tó ṣòfò. Kí ó tó lọ tán ni Bàbá Káfíńtà dé. Òun ò sunkún. Ó kàn dúró, ó ń fi ìka ẹ̀ ra bọ́tìnnì tiẹ̀, kò sì lè sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin lẹ sọ mí ní Ẹ̀rọ-ò-kú. Ta ni kí n sọ fún nínú wọn pé tiẹ̀ ti kú?"

Ìyá Aránṣọ rántí àpótí náà, ó rántí etí aṣọ tó fi nu ojú. Àánú ọkùnrin náà ṣe é, inú sì bí i pé àánú rẹ̀ ṣe é, nítorí kì í ṣe ohun tó bá wá nìyẹn.

Ọ̀tún ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. "Ọjọ́ ń lọ, Bàbá, ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀. Fóònù ò ṣeé là sí méjì. Kí á gbé e fún àgbà. Káfíńtà ló dàgbà jù."

Àwọn ìgbìmọ̀ ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnì kan ní òdodo ọ̀rọ̀ ni. Ìyá Aránṣọ rò nípa gbogbo èèyàn tó wà nínú fóònù yẹn, èjìká wọn, ọrùn wọn, ikùn tí wọ́n fà mọ́ra àti èyí tí wọn ò fà. Ó nawọ́, ó fi bo fóònù náà.

"Bàbá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi," ló lè sọ.

Baálẹ̀ gbọ́wọ́ sókè.

"Ẹ gbọ́ ìdájọ́. Káfíńtà, báwo ni ojúlé yàrá Nọ́ọ̀sì ṣe tóbi tó?"

"Ọgọ́rin sí méjìlélọ́gbọ̀n, Bàbá."

"Ìyá Aránṣọ, gáùn yìí ńkọ́?"

"Ọgọ́rin sí méjìlélọ́gbọ̀n."

"Ẹ bọ́ ọ lára Nọ́ọ̀sì nílé, kí ẹ gbé e kọ́ sójúlé. Kọ́tìnì ni. Ìdè mẹ́ta ti wà lára ẹ̀ tẹ́lẹ̀." Ó tọ́ka sí ilẹ̀kùn. "Èyí ńkọ́? Kí lẹ ń pe ère tí ẹ máa ń wọṣọ fún ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ?"

"Ọmọláńgidi, Bàbá."

"O ní ọ̀kan?"

"Mi ò ní."

"O ti ní. Gbé e lọ."

"Bàbá," ọkọ Nọ́ọ̀sì ní, "ẹ dákun, ṣé ilẹ̀kùn ò lè…"

Nọ́ọ̀sì wò ó. Ọkọ rẹ̀ gbé ìdí aṣọ padà.

"Aránṣọ á rán gáùn mìíràn, Káfíńtà á kan ilẹ̀kùn mìíràn, tí kò ní jọ ẹnikẹ́ni. Fóònù yìí kò ní kúrò bó ṣe wà. Ajé sí Ọjọ́rú, Aránṣọ. Ọjọ́bọ̀ sí Àbámẹ́ta, Káfíńtà. Lọ́jọ́ Àìkú, orí tábìlì mi ni yóò wà, níbi tó ti máa rí ìsinmi tòótọ́."

"Bàbá, Ọjọ́bọ̀ mi ńkọ́?" Ìyá Aránṣọ béèrè.

"Ajé mi ńkọ́?" Bàbá Káfíńtà béèrè.

"Mò ń bọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀rọ-ò-kú, fóònù mélòó ni wọ́n gbé fún ọ?"

"Méjì, Bàbá."

"Mélòó lo dá padà?"

"Ọ̀kan."

"Ìkejì dà?"

Ẹ̀rọ-ò-kú yẹ àpò rẹ̀ wò.

"Ìwọ ni," Baálẹ̀ ní. "Nígbà tí fóònù bá wà lọ́dọ̀ Káfíńtà, ìwọ á wà lọ́dọ̀ Aránṣọ. Nígbà tó bá wà lọ́dọ̀ Aránṣọ, ìwọ á wà lọ́dọ̀ Káfíńtà. Wọ́n á máa tẹ̀ ọ́ léjìká, wọ́n á máa sọ ìwọ̀n fún ọ, ìwọ á sì máa fi í sórí. Bí wọn ò bá tẹ̀ ọ́, o ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Bí ẹnì kan bá ń wá wọn, o máa dún."

"Kí n dún, Bàbá?"

"Dún ká gbọ́."

Ẹ̀rọ-ò-kú wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Kirin-kirin," ló wí.

"Ohùn ẹ̀ lọ sílẹ̀," Ọ̀tún ní.

"Wọ́n á tún un ṣe. Ẹni tó bá ń lò ọ́ lọ́jọ́ náà ló máa bọ́ ọ. Oúnjẹ ni bátìrì rẹ. Bí o bá ṣàṣìṣe, kí wọ́n yọ bátìrì."

"Ṣọ́ọ̀bù mi ńkọ́, Bàbá? Nígbà wo ni màá ṣí i?"

"Ọjọ́ Àìkú. Wá ẹ̀yà ara fóònù kejì níbikíbi tó bá wà láyé. Ọjọ́ tí o bá jí i dìde ni o bọ́."

"Wọn ò ṣe é mọ́, Bàbá!"

"Nígbà náà, tètè kọ́ bí wọ́n ṣe ń mọ ìwọ̀n sórí."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú, Ẹ̀rọ-ò-kú wà nínú lẹ́búlẹ́bú pákó. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kó tó di pé Ìyá Aránṣọ ṣí ilẹ̀kùn tán, Ẹ̀rọ-ò-kú ti dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Obìnrin náà gbé àpótí fún un láàárín ẹ̀rọ ìránṣọ àti ọmọláńgidi onípákó náà, ó gbé abọ́ oúnjẹ kan sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní kó má tíì jẹ ẹ́.

Ìyàwó oníbúrẹ́dì ló kọ́kọ́ wọlé. Ìyá Aránṣọ fi téèpù yí i ká, ojú rẹ̀ wà lára ikùn obìnrin náà, àtàǹpàkò rẹ̀ sì wá èjìká Ẹ̀rọ-ò-kú lọ láìwò ó. Ó rí i. Ó tẹ̀ ẹ́.

"Òkè, ogún."

"Ogún."

"Àárín, méjìdínlógún. Mà, ẹ mí síta. Ó di ogún."

"Ó di ogún."

Kò burú. Ní tòótọ́, inú Ìyá Aránṣọ dùn díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò jẹ́ kó hàn lójú rẹ̀. Egungun èjìká ọkùnrin náà le, ìka sì lè mọ̀ pé òun ti dé. Ó ní kó bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ rẹ̀.

Kò tíì bù ú lẹ́ẹ̀mejì tí Nọ́ọ̀sì Àgbà fi wọlé, ó wá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bá gáùn tuntun rẹ̀ lọ. Ìyá Aránṣọ tẹ́ aṣọ sílẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ po sí méjì, ó mú sísọ́ọ̀sì. Láìwẹ̀yìn, ó na ọwọ́, ó tẹ èjìká náà.

"Nọ́ọ̀sì Àgbà."

Ẹ̀rọ-ò-kú nà ró ṣánṣán, ó di ojú.

"Nọ́ọ̀sì Àgbà. Gíga, ọgọ́rin. Fífẹ̀, méjìlélọ́gbọ̀n. Pákó tó gbẹ dáadáa ni kí ẹ lò."

Sísọ́ọ̀sì dúró sójú kan. Nọ́ọ̀sì lanu. Ìyá Aránṣọ dìde jẹ́jẹ́, ó lọ síbi tí ọmọláńgidi onípákó wà, ó fi téèpù wọn òkè rẹ̀, ó wọn àárín rẹ̀, ó wọn ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sára ògiri pẹ̀lú ẹfun aránṣọ.

"Kí ló ń sọ yẹn?" Nọ́ọ̀sì béèrè.

"Ẹ má dá a lóhùn, mà," Ìyá Aránṣọ ní. "Ọjọ́ orí ló dé."

Ó wá yíjú sí Ẹ̀rọ-ò-kú, ó gba abọ́ oúnjẹ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbé e sókè pátápátá lórí pẹpẹ níbi tí ọwọ́ ò tó.

"Ìyá Aránṣọ, ẹ jọ̀ọ́, mi ò tíì jẹun."

"Sinmi," Ìyá Aránṣọ ní.